Ìró Hàbíbátù Lórí Okùn

Aṣọ kò lẹ́sẹ̀. Bí ó bá kúrò níbì kan tó dé ibòmíràn, ẹnìkan ló gbé e. Ohun tí Sájẹ́ǹtì Láídé ń wí sínú nìyẹn bó ṣe dúró lẹ́yìn ilé kan ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́sàn-án Sátidé yẹn, tó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, tó ń wo ìró àǹkárá búlúù kan ṣoṣo tó wà lórí okùn, tí ara rẹ̀ ṣì tutù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Hàbíbátù jáde síta láti bọ́jú, tó gbójú sókè, tó rí ìró náà, tó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ìró òun fúnra rẹ̀ ni. Ilé ọkọ rẹ̀ ní Ṣàgámù ló bọ́ ọ sílẹ̀ sí lọ́jọ́ tó sá, kò sì fojú kàn án mọ́ láti ìgbà náà. Àpá jíjó kan wà létí rẹ̀ tó rí bí ojú áyọ́ọ̀nù gẹ́lẹ́, nítorí áyọ́ọ̀nù ló jó o. Yúnúsà ọkọ rẹ̀ ló gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e nítan, ìró sì wà láàárín. Àpá tó wà lára aṣọ náà ló wà lára obìnrin náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé tí à ń wí yìí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń kọjá yóò rò pé ilé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló háyà rẹ̀ lọ́dún 1996, òun ló ń sanwó nọ́ọ̀sì àti dírẹ́bà, òun ló ń ra ìrẹsì, oògùn àti ọṣẹ ìfọṣọ, kí obìnrin tí ọkọ fẹ́ lù pa, tàbí ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò, lè ríbi forí pamọ́ sí títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ilé Ìsádi ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí obìnrin inú rẹ̀ fi ń rí oorun sùn.

Ní báyìí, ta ló tú àṣírí ilé?

Ọ̀gá kan ti tẹ̀ wọ́n láago láti Abẹ́òkúta. Ó ní bí ẹni ìta bá ti mọ ilé náà, kò ṣeé gbé mọ́. Tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè wọn yóò tì í, kí kálukú máa lọ sílé ẹbí rẹ̀ títí ìjọba yóò fi rí ilé mìíràn háyà. Ilé ẹbí kẹ̀? Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn ti sá wá! Nígbà tí Hàbíbátù gbọ́ bẹ́ẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó dìde, ó kó ẹ̀wù mélòó kan sínú báàgì, ó gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, èmi nìkan ni Yúnúsà ń wá," ó sọ fún Láídé. "Láàárọ̀ Mọ́ńdè, màá padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Tí mo bá lọ, wọn ò ní tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù. Oore tí wọ́n ṣe mí nílé yìí ti tó."

Láídé ju súìtì kan sẹ́nu. Obìnrin kúkurú kan ni, ó sanra díẹ̀, súìtì kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń ronú. Àwọn ọkùnrin àgọ́ ọlọ́pàá Ṣàgámù a máa pè é ní Ìyá Aròjinlẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, òun náà sì ń jẹ́ ẹ, kò sí ohun tó kàn án. Òun kan náà ló gbé Hàbíbátù wá sílé yìí lọ́jọ́sí, tí dókítà yẹ iná itan rẹ̀ wò tán. Láti ìgbà náà ni ọlọ́pàá ti ń wá Yúnúsà. Ìsọ̀ obì rẹ̀ ní Ṣàgámù wà ní títì, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé Kánò ló lọ.

Ó yí ògiri ká. Àfọ́kù ìgò orí rẹ̀ wà bó ṣe wà, aláǹtakùn ti ta òwú sórí ẹ̀, kò sì sí ibi tí òwú náà ti já. Òjò ti rọ̀ sẹ́yìn ilé, ilẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ilé nìkan ló wà níbẹ̀. Ó padà sídìí okùn, ó fi imú kan ìró náà. Ọṣẹ. Ó wọ balùwẹ̀, ó gbóòórùn ọṣẹ ìfọṣọ tí ìjọba ń kó fún wọn. Òórùn kan náà ni. Ó tún wo etí ìró náà dáadáa, ó rí àbàwọ́n aláwọ̀ ewé kan tí ọṣẹ kò ràn.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á. Irú ọ̀tá wo ló ń fo ògiri wọlé wá fọṣọ, tó tún fi ọṣẹ onílé fọ̀ ọ́?

Síbẹ̀, gbogbo ilé ló ń tọ́ka sí Lásúnkànmí, dírẹ́bà. Òun ló ń wọlé tó ń jáde. Àwọn obìnrin ilé yìí a máa ṣa obì gbàǹja fún oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù ní Símáwá, kí wọ́n lè rí nǹkan díẹ̀ fi sápò. Wọn a ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, wọn a fi ewé gbòdògì tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, wọn a di obì tó dára sí i. Lásúnkànmí ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ, òun ló sì ń kó apẹ̀rẹ̀ òfìfo àti ewé tútù bọ̀. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé agboolé kan náà lòun àti Yúnúsà ti wá ní Ṣàgámù.

Láídé pè é jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ̀yin àti Yúnúsà, ẹ mọra yín?"

"Láti kékeré, mà."

"Ìgbà wo lẹ fojú kàn án gbẹ̀yìn?"

"Ó ti pẹ́, mà," ni ọkùnrin náà wí. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Láídé yí súìtì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ó dúró dè é.

"Mà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí," Lásúnkànmí wí níkẹyìn. "Ọmọ mi obìnrin wà lára àwọn tí ilé yìí kọ́kọ́ gbà. Ohun tí wọ́n ṣe fún un, bàbá rẹ̀ ò lè ṣe é. Ó ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi wá gba iṣẹ́ ọkọ̀ wọn nìyẹn. Ẹni tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé n ó wá ta á?"

Ó nu ojú. Láídé náà wo ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí nǹkan ti ń ta á lójú. Ó ti ń gbọ́ irọ́ láti ogún ọdún, ó sì mọ̀ pé èyí kì í ṣe irọ́.

Kò tíì dìde tán nígbà tí Màmá Morónkẹ́, ìyá tó ń bójú tó ilé náà, tó ti jáde láti kùtùkùtù, dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ìjọ Adventist ni, Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Bí oòrùn bá ti wọ̀ ní Jímọ̀, ilé Ìsádi kì í dáná ńlá, kì í ṣa obì, kì í sì í fọ aṣọ títí oòrùn Sátidé yóò fi wọ̀. Onígbàgbọ́ ni o, mùsùlùmí ni o, òfin ilé ni. Bí ìyá yìí ṣe gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ó ní òun ni, òun ló bà á jẹ́. Ó ní òun dìde nínú ìjọ láàárọ̀ yìí, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ilé tí ìjọba fi dá àwọn obìnrin lọ́lá, òun sì ní kí ìjọ fi àdúrà gbé e ró. Ta ló mọ etí tó gbọ́?

Láídé di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, ìgbà tẹ́ ẹ dìde sọ̀rọ̀, ìró yìí ti wà lórí okùn. Ẹnu yín kọ́ ló gbé e wá. Ẹ bá mi wá àga jókòó, ẹ simi."

Ó tù ú nínú báyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi náà wọ̀ ọ́ létí, ó sì jókòó síbẹ̀. Ilé tí a kì í ti í fọṣọ lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ kan ṣoṣo wà lórí okùn lọ́jọ́ Sátidé, ọṣẹ ilé ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Nítorí náà, ará ilé ló fọ̀ ọ́, ará ilé náà sì mọ̀ pé kò yẹ kí òun fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ṣẹ̀ kì í jáde wá tí a bá ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí a bá wá fi ìyà dẹ́rù bà á, yóò tún sá wọlé sí i ni.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, tí wọ́n kọrin ìparí ọjọ́ ìsinmi tán ní pálọ̀, Láídé gbé ìró náà lé itan, ó jókòó sáàárín wọn.

"Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan," ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹnìkan nínú yín rí aṣọ yìí ní ìdọ̀tí, ó sì fọ̀ ọ́. N kò wá a láti bá a jà. Bí kò bá fọ̀ ọ́, bí kò bá sá a síta, a ò bá má mọ̀ pé Yúnúsà wà nítòsí. Ó ti lè gba ẹ̀mí là. Òun ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tó lọ sílé."

Ọmọbìnrin kan wà nídìí fèrèsé, Ìmọ́lẹ̀olúwa lorúkọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ Màmá Morónkẹ́ gan-an. Ohun tí ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣe sí i ló gbé e dé ilé yìí. Ó bú sẹ́kún.

Láàárín ẹkún ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ewé ni Lásúnkànmí kó dé nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà ní kí òun wọ́n omi sí ewé kó má baà rọ, ó sì bá aṣọ kan tí wọ́n fi bò ó. Ó rò pé ìborí ewé ni, àwọn oníṣòwò a máa fi aṣọ tútù bo ewé nítorí oòrùn. Aṣọ náà dọ̀tí, ó ṣe é láàánú, ó bu omi, ó fọ̀ ọ́. Ó ti sá a tán kó tó rántí ọjọ́. Nígbà tí Hàbíbátù wá ṣubú, ẹ̀rù méjì ló bà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: pé wọn yóò ní òun ba ọjọ́ Olúwa jẹ́, àti pé wọn yóò ní òun ló gbé aṣọ Yúnúsà wọlé. Wọn yóò lé òun. Níbo ni òun yóò wá gbà lọ?

Gbogbo ojú yí sí Màmá Morónkẹ́. Ìyá náà dìde, ó rìn lọ sídìí fèrèsé, ó fa ọmọ náà mọ́ra.

"Olúwa tó ní ká fa màlúù jáde nínú kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, ìwọ fa odidi ènìyàn jáde. Ta ni yóò lé ọ? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi."

Nínú ewé! Láídé ò sùn dáadáa nílé rẹ̀ lóru yẹn, inú rẹ̀ ń dùn jù. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó ti padà dé Ìkẹ́nnẹ́, ó sì ní kí àwọn obìnrin di obì lójú òun. Àwọn yòókù ń to ewé sínú apẹ̀rẹ̀ bó ṣe bọ́ sí. Hàbíbátù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń da ẹ̀yìn ewé síta, ó ń kó ìdí ewé papọ̀ létí apẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ́ wọn mọ́ra bí ẹni ń dirun, títí ó fi yí ẹnu apẹ̀rẹ̀ ká. Láídé bi í ta ló kọ́ ọ. Ó ní ìyá òun ní Ìsarà ni, ìyá náà ti kú. Ó ní gbogbo ọdún tí òun lò nílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ lòun ń di obì Yúnúsà, Yúnúsà a sì máa fi yangàn láàárín àwọn oníṣòwò pé obì tí ìyàwó òun bá dì kì í gbẹ títí yóò fi dé Kánò.

"Hàbíbátù, gbé báàgì rẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn," Láídé wí.

"Kí ló dé, Àǹtí?"

"Yúnúsà ò mọ ilé yìí. Bó bá mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ ni ò bá wá, kò ní máa rán aṣọ níṣẹ́. Apẹ̀rẹ̀ rẹ ló rí. Ó mọ ọwọ́ rẹ nínú ewé, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ọwọ́ náà wà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ ni apẹ̀rẹ̀ tó ń padà bọ̀, ló ṣe fi ìró sínú ewé. Ó fẹ́ kí ẹ̀rù lé ọ jáde. Ìwọ náà sì ti fẹ́ jáde fún un!"

Hàbíbátù wò ó, ó wo báàgì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ń sunkún bí ọmọdé. Kò sí ẹni tó tú àṣírí ilé. Lásúnkànmí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ń wí "Alhamdulillah, Alhamdulillah" lábẹ́lẹ̀.

Ó kù kí wọ́n mú Yúnúsà. Láídé bọ́ ṣòkòtò iṣẹ́ sílẹ̀, ó ró ìró, ó fi ìró Hàbíbátù kọ́ èjìká bí ìborùn, ó kọrí sí Símáwá. Wúlẹ̀mọ̀tù wà nídìí obì rẹ̀ lẹ́bàá ibi tí àwọn ọkọ̀ òkè Ọya ti ń kẹ́rù. Ìyá àgbà ni, ojúlówó ọmọ Rẹ́mọ ni, bó sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ òun ṣe, ó jáwọ́ nínú obì, ó ń gbá àyà. Ó ní ọkùnrin kan ti wà níbùdókọ̀ yìí láìpẹ́, ó ń pe ara rẹ̀ ní Ràímì, ó máa ń fa fìlà bo iwájú, ó ń bá wọn kẹ́rù, a sì máa sá pamọ́ bí Lásúnkànmí bá dé. Ó bi òun pé ta ló ń di obì òun dáadáa báyìí. Òun ní àwọn ọmọ òun ni, nítorí òun ti búra pé òun ò ní dárúkọ ilé náà fún ẹnikẹ́ni. Ni ọkùnrin náà bá kó ewé wá lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi aṣọ tútù bò ó, ó ní kí wọ́n má ṣí i títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń di obì.

"Ṣé ó wà nítòsí báyìí?" Láídé bi í, kò wẹ̀yìn.

"Ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ pupa yẹn. Ó ti rí ìró èjìká yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo kan rù mí, mà, kí ẹ sì kí mi pé ó dàbọ̀, kó ròkè."

Wúlẹ̀mọ̀tù kí i pé ó dàbọ̀ dé ibi tí àwọn ará ọkọ̀ fi bojú wẹ̀yìn. Láídé wọ takisí, ó ní Ṣàgámù lòun ń lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀kadà kan fi tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó dé Ṣàgámù, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì ẹ̀yìn kan tí wọn ò kọ nǹkan sí lára, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lérí, ó wọlé, kò sì ti géètì. Àgbàlá gbígbòòrò ni. Okùn aṣọ pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀wù obìnrin, ìró àti aṣọ ọmọdé ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Obìnrin méjì ń gúnyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Yúnúsà wọlé tẹ̀ lé e. Ó rí okùn aṣọ, ó rí àwọn obìnrin, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Hàbíbátù! Jáde wá! Mo ti mọ ibi tó o wà!"

Ilẹ̀kùn ṣí lọ́tùn-ún, ó ṣí lósì. Kì í ṣe Hàbíbátù ló jáde. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ mẹ́ta ni, ọ̀kan wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan di búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mú, ìkẹta sì ti wọ ṣòkòtò iṣẹ́ tán. Báráàkì ọlọ́pàá ni àgbàlá náà, ìyàwó ọlọ́pàá ló ń gúnyán. Ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá fi owó ara rẹ̀ san ọ̀kadà wá bá wọn nílé.

Nígbà tí wọ́n ń de ọwọ́ rẹ̀, kò sẹ́. Ó ń pariwo pé òun mọ ọwọ́ ìyàwó òun, pé kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Rẹ́mọ tó ń di obì báyẹn.

"O mọ ọwọ́ rẹ̀ tó báyìí," Láídé dá a lóhùn, "o wá fi iná jó o nítan."

Wọ́n mú un wọ àgọ́ lọ.

Ọ̀gá Abẹ́òkúta wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè bó ṣe wí. Kò tilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, oúnjẹ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ló bá wọn kó wá. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí adájọ́ fi ní kí Yúnúsà lọ ṣẹ̀wọ̀n. Ilé Ìsádi náà ló wá lọ́yà fún Hàbíbátù, òun ló gbé e lọ gbé e bọ̀, kò san kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ẹjọ́, wọ́n dá ìró náà padà, Láídé sì gbé e wá sí Ìkẹ́nnẹ́. Ọkàn rẹ̀ ń ṣe méjì. Ó sọ fún Hàbíbátù pé bó bá fẹ́, kí òun dáná sun ún.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà, ewé tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìmọ́lẹ̀olúwa jókòó ti Hàbíbátù, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ́ ìdí ewé mọ́ra létí apẹ̀rẹ̀. Hàbíbátù kúnlẹ̀, ó fi orúkọ gbogbo wọn dúpẹ́, ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Láídé ní kó dìde, kó dìde jàre, iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún òun lòun ṣe. Ṣùgbọ́n kò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kí wọ́n rí omijé òun.

Hàbíbátù gba ìró náà. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ibi tí áyọ́ọ̀nù jó lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì wo Ìmọ́lẹ̀olúwa.

"Lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ rí i, kí lo pè é?"

"Ìborí ewé, mà."

"Ohun tí yóò máa jẹ́ nìyẹn," Hàbíbátù wí. Ó rì í sínú omi, ó fún un, ó sì fi bo ewé.